Kí Ló Pa Fíìmù Ìfẹ́ Ọdún 1919?

Ẹ lọ sí Agbowó lónìí, níwájú géètì UI, ẹ fún àwọn tó ń já fíìmù sórí fóònù ní flash yín. Kí ẹ tó mu píọ̀wọ́tà kan tán, fíìmù mẹ́wàá ti wọlé: ti Nollywood, ti Kòríà, ti Íńdíà, èyí tó jáde lóṣù tó kọjá àti èyí tó jáde kí wọ́n tó bí yín. Ẹni tó ń gbé Bódìjà tí kò fẹ́ jáde, dátà ló máa fi wo tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá dà bíi pé fíìmù ò lè sọnù mọ́ láyé yìí.

Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà tó jẹ́ pé iye yòówù kí ẹ san, ẹ ò ní rí i wò. The Homesteader lorúkọ rẹ̀. Oscar Micheaux, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde ní Chicago ní oṣù Kejì ọdún 1919. Eré ìfẹ́ ni. Aláìlóhùn sì ni, torí pé sinimá ìgbà yẹn ò tíì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ: òṣèré á la ẹnu, a ò ní gbọ́ nǹkan kan, ohun tó sọ á wá hàn lójú àwòrán bí ìwé kíkà. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe. Lónìí, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà ní gbogbo ayé.

Ìtàn inú rẹ̀ lọ báyìí. Jean Baptiste, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, lọ gba ilẹ̀ ní South Dakota, láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Ó pàdé Agnes, ọmọ ará Scotland kan, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ funfun ni gbogbo ayé mọ Agnes sí, ìgbà yẹn ò sì gba kí dúdú fẹ́ funfun. Ni Jean Baptiste bá gbé ìfẹ́ tì, ó lọ fẹ́ Orlean, ọmọ oníwàásù kan tí wọ́n jọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bàbá ìyàwó ò jẹ́ kí ilé náà tòrò, ìgbéyàwó yẹn sì forí ṣánpọ́n. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló tó hàn pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára Agnes náà, àwọn méjèèjì sì wá di tọkọtaya. Tí ẹ bá ní ó jọ fíìmù Yorùbá tí àna ti ń da ilé rú, ẹ ò purọ́.

Báwo la ṣe wá mọ ìtàn fíìmù tí a ò lè wò? Micheaux ti kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ìwé ìtàn lọ́dún 1917. Ìwé yẹn ṣì wà. Ìpolówó fíìmù náà wà nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn, orúkọ àwọn òṣèré náà wà, títí kan Evelyn Preer tó ṣe Orlean. Àwòrán tó ń rìn gan-an ló lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rí ìwé ìpè ìyàwó, tí ẹ rí àṣọ ẹbí, tí ẹ rí àwo ìjẹun, ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ ò sí nílé.

Ọ̀gbẹ́ni Micheaux yìí, tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rò pé ọmọ ẹgbẹ́ alárìnjò ni. Ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí ni. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ti dáko, ó sì ti ń kiri ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ilé dé ilé. Ilé iṣẹ́ fíìmù kan fẹ́ ra The Homesteader lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa darí rẹ̀, ìyẹn ò bá wọn lára mu, ló bá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Fíìmù náà jẹ́ róòlù mẹ́jọ. Róòlù kan ìgbà yẹn gùn tó nǹkan bí 300 mítà, ó sì máa ń lò tó ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ó ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn onílé sinimá dúnàádúrà, ó ń polówó fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká fọkàn sí níbẹ̀ nìyí: owó ẹ̀dà wọ́n, ẹ̀dà tí irú ilé iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ń ṣe ò pọ̀ rárá. Ẹ̀dà kan náà ló ń ti ìlú kan dé òmíràn. Eyín irin ẹ̀rọ ń ya á létí, iná ẹ̀rọ ń ràn án, ìdọ̀tí ń họ ọ́ lójú. Nígbà tó bá ti gbó tán, kò sí ìkejì. Nínú gbogbo fíìmù aláìlóhùn tí Micheaux ṣe, mẹ́ta péré ló kù.

Òwú, màlúù àti fádákà

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fíìmù jẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni ẹni tó pa á fara pamọ́ sí.

Fíìmù ayé àtijọ́ jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tó fẹ̀ tó 35 mìlímítà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n máa mú cellulose, ìyẹn ohun tó wà nínú òwú, wọ́n á fi ásíìdì nitric àti sulphuric pò ó. Ohun tó ń tibẹ̀ jáde là ń pè ní cellulose nitrate. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀tù ìbọn ni nǹkan yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá yá. Wọ́n á fi káńfọ̀ sí i kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi jẹ́látìn kùn ún lójú, èyí tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun màlúù. Ẹni tó bá ti se pọ̀nmọ́ rí mọ omi rẹ̀ tó máa ń dì gbagidi tó bá tutù. Irú ẹ̀ náà ni. Inú jẹ́látìn yẹn ni hóró fádákà kéékèèké wà, hóró fádákà yìí ló sì di dúdú àti funfun tí ojú wa rí bí àwòrán.

Nítorí náà, òwú, màlúù àti fádákà ni ẹ̀wà òṣèré obìnrin ọdún 1919 dúró lé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ọ̀tá tiwọn.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ wà nínú fíìmù fúnra rẹ̀. Nitrate ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ti ń jẹra díẹ̀díẹ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ní nitrogen nínú. Afẹ́fẹ́ yìí á bá ọ̀rinrin tó wà ní àyíká pàdé, wọ́n á di ásíìdì, ásíìdì yẹn á tún padà wá jẹ fíìmù náà sí i. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń tú afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i jáde. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ gbèsè orí gbèsè ni. Tí wọ́n bá wá ti fíìmù náà mọ́ inú agolo tí afẹ́fẹ́ ò lè jáde níbẹ̀, wọ́n ti tì í mọ́ inú yàrá kan náà pẹ̀lú apànìyàn.

Àwọn tó ń tọ́jú fíìmù mọ bí àìsàn náà ṣe ń rìn. Àwòrán á kọ́kọ́ ṣá, ọ̀já náà á pọ́n bí àwọ̀ tíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí róòlù á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Á yọ ìfóòfó tó dà bí oyin. Á wá dì pọ̀ bí òkúta. Ní ìkẹyìn, á di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ ṣí agolo kan tí wọ́n kọ orúkọ fíìmù ìfẹ́ sí lára, ìyẹ̀fun lẹ máa bá.

Ọ̀tá kejì ni iná. Cellulose nitrate ní oxygen tirẹ̀ nínú ara. Tí iná àdògán bá ń jó, ẹ fi nǹkan bò ó, afẹ́fẹ́ á tán, iná á kú. Ti nitrate ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bò ó, ó ń jó. Ẹ jù ú sínú omi, ó ṣì ń jó nísàlẹ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin yí ibi tí wọ́n ti ń fi iná tan fíìmù ká nínú ilé sinimá ìgbà náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1937, nígbà tí ooru mú gidigidi ní New Jersey, ilé ìkẹ́rùsí kan tí ilé iṣẹ́ Fox ń kó fíìmù sí ní ìlú Little Ferry gbiná. Kò sẹ́ni tó sọ iná sí i. Fíìmù tó ń jẹra nínú ooru ló fúnra rẹ̀ dáná. Ó lé ní 40,000 róòlù tó lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Theda Bara bá lọ. Ìlú mọ̀ ọ́n ká nígbà ayé rẹ̀ fún eré ìfẹ́ tí obìnrin ti ń fi ojú pa ọkùnrin. Cleopatra rẹ̀ ti ọdún 1917, fíìmù ńlá tí owó gọbọi lọ sí, àjákù kékeré péré ló kù níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀tá kẹta wà lára fádákà, ọ̀tá yìí lèmi ò lè dárí jì. Nígbà tí The Jazz Singer jáde lọ́dún 1927 tí òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ sanwó wo aláìlóhùn mọ́. Fíìmù wá di ẹrù tó ń gbàyè. Àwọn tó ni ín sì mọ̀ pé fádákà wà lára rẹ̀. Wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń ta fádákà rẹ̀, wọ́n ń da ìyókù nù. Ní 1948, ilé iṣẹ́ Universal fúnra rẹ̀ ba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fíìmù aláìlóhùn jẹ́. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ọ̀rinrin. Onílé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹ wo ohun tí gbogbo rẹ̀ dá sílẹ̀. Lọ́dún 2013, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé ìwádìí tí David Pierce ṣe jáde. Fíìmù gígùn aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1912 sí 1929 jẹ́ 10,919. Èyí tó kù bó ṣe wà nígbà tí wọ́n gbé e jáde jẹ́ 1,575, ìyẹn 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀nba míràn wà tó jẹ́ ẹ̀dà ilẹ̀ òkèèrè, tàbí tó kéré sí bí wọ́n ṣe yà á, tàbí tó ti já sáàárín. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ pátápátá. Ìlú tó lówó jù láyé nìyẹn o.

Èyí tí wọ́n yà nílẹ̀ wa

Ẹ lè máa sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n ti fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall. Ọdún kejì, nígbà tí Aláké Gbádébọ̀ lọ sí London, àwòrán ìrìn àjò rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ará Èkó wò. Ọmọ Èkó kan tún wà, Orlando Martins, tí wọ́n bí lọ́dún 1899, tó wà lára èrò inú fíìmù aláìlóhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, If Youth But Knew, ní 1926. Eré ìfẹ́ ni òun náà. Martins yìí kan náà ló wá bá Ronald Reagan ṣeré nínú The Hasty Heart ní 1949, kí Reagan tó di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn dá àwọn ọ̀rẹ́ yín lágara.

Lọ́dún 1926 yẹn náà ni fíìmù kan jáde tí wọ́n yà ní Nàìjíríà gan-an: Palaver. Geoffrey Barkas ló darí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ British Instructional Films, láàárín àwọn Ngas àti Mwaghavul ní ilẹ̀ olókè tí a ń pè ní Plateau lónìí. Eré ìfẹ́ aláìlóhùn ni. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan àti òyìnbó tó ń wa tánganran ń du nọ́ọ̀sì kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó pàdánù bínú, ó ń fi ọtí rọ ọba ìlú, ó sì tì í sógun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ṣe ọba, babaláwo àti ọmọ ogun.

Èmi ò fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, kí n sòótọ́. Òyìnbó ló gbọ́n, òyìnbó ló rẹwà, òyìnbó ló ń nífẹ̀ẹ́. Àwọn tó nilẹ̀ kàn wà níbẹ̀ láti jà àti láti jó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lójú mìíràn. Ojú àwọn èèyàn wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn, aṣọ tí wọ́n wọ̀, ilé wọn, ijó wọn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ń mì, ó ń rìn. Ọmọ ọmọ wọn lè rí wọn. Palaver ò sọnù. Ó wà lọ́wọ́ British Film Institute.

Kí ló dé tí èyí kù tí ti Micheaux lọ? Kò lè jẹ́ pé Palaver dára ju The Homesteader lọ, mo tiẹ̀ rò pé ìdàkejì ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀dà Palaver bọ́ sọ́wọ́ ilé ìtọ́jú, ní ìlú tí òtútù wà. Ilé tí BFI ń tọ́jú àwọn fíìmù àgbà sí ní Warwickshire tutù tó 5°C nísàlẹ̀ òdo, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sì ju 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Yìnyín ni, ẹ jọ̀ọ́. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, nitrate á ṣì máa jẹra, ṣùgbọ́n bí ìgbín ni yóò máa rìn.

Oòrùn Ìbàdàn àti òórùn fínígà

Kodak ò ṣe nitrate mọ́ láti 1951. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni acetate, tí wọ́n ń pè ní fíìmù aláìléwu torí kì í dédé gbiná. Nígbà tí àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù, orí acetate ni wọ́n ń lò: Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun ṣe ní 1976, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, àwọn iṣẹ́ Hubert Ògúnńdé, ti Adé Love, ti Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Acetate náà ní àìsàn tirẹ̀. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a, ó máa ń tú ásíìdì acetic jáde. Ásíìdì acetic ló wà nínú fínígà tí ẹ ń fi fọ kábéèjì. Ẹ ṣí agolo, òórùn fínígà á kọlù yín nímú, kò sí àlàyé mìíràn mọ́: fíìmù yẹn ti ń kú. Á sún kì, á ká kò, jẹ́látìn á bó lára rẹ̀. Bí ti nitrate, ásíìdì tó jáde ló ń fa òmíràn jáde, ó sì máa ń ran agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Image Permanence Institute ní Rochester ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní 21°C, pẹ̀lú ọ̀rinrin 50 nínú ọgọ́rùn-ún, fíìmù acetate tuntun lè lo nǹkan bí 40 ọdún kí òórùn fínígà tó bẹ̀rẹ̀. Ooru Ìbàdàn ní ìpíndọ́gba lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi 26 sí 27°C. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń lé ní 80. Ẹni tó bá ti rí bí bàtà ṣe ń hu funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Challenge tàbí Ring Road nígbà òjò mọ ohun tí mò ń sọ. Níbí, 40 ọdún yẹn lè dín kù sí ìdajì tàbí kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù tí wọ́n ṣe ní 1980 tó wà nínú yàrá lásán ti yẹ kó máa rùn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ẹ lè ní kí wọ́n fi AC sí i. AC gba iná. Tí iná bá lọ, yàrá tútù á gbóná, omi á sẹ̀ sára agolo bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde látinú fíríìjì. Òtútù tó ń lọ tó ń bọ̀ lè ba fíìmù jẹ́ ju ooru tó dúró sójú kan lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún ọgbọ̀n ọdún, ta ló máa ra epo rẹ̀? Ìwé ò tó bẹ́ẹ̀ le. Nínú ọgbà UI, àwọn ìwé ìjọba àmúnisìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì wà ní National Archives tí ẹnikẹ́ni lè lọ kà. Ìwé máa ń fara da nǹkan. Fíìmù jẹ́ alákẹ́jù.

Wàhálà kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Nígbà yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère ní Nàìjíríà, London ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ. Ìyá fíìmù, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, á jókòó sọ́hùn-ún, ẹ̀dà ló ń bọ̀ wálé. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn wá ń pa ilẹ̀kùn dé, ó di kí olówó wá gbé ẹrù rẹ̀, tí olówó náà sì ti lè kú. Nílé níbí, àwọn ọ̀gá ń gbé ẹ̀dà yẹn kiri bíi Micheaux: òní Ìbàdàn, ọ̀la Òṣogbo, ọ̀tunla Oǹdó. Inú ooru mọ́tò ló ń sùn. Wọn ò fi ẹ̀dà sílẹ̀ fún ẹlòmíì, torí ẹni tó bá ní ẹ̀dà lọ́wọ́ ló lè pawó.

Ìtàn Ọ̀run Móoru jẹ́ kí n máa ronú lórí ìyẹn. Bàbá Sàlá àti Ọlá Balógun ṣe é ní 1982, gbèsè wà lọ́rùn Bàbá Sàlá nítorí rẹ̀, àwọn olè kan sì kó o sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri. Ó ba ọ̀gbẹ́ni náà nínú jẹ́ gan-an, ó sì sọ ọ́ di aláìní. Mi ò ní gbè sẹ́yìn olè. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú fíìmù léèrè, á sọ fún yín pé fíìmù tó wà nínú ẹgbẹ̀rún ilé ṣòro láti pa, èyí tó wà nínú àpótí kan ṣoṣo, àìlera kan ṣoṣo ló kù kó lọ. Ìdààmú tó bá ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lára mi: ohun tó pa oníṣẹ́ ló ń mú kí iṣẹ́ yè.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára Micheaux fúnra rẹ̀. Fíìmù kejì rẹ̀, Within Our Gates, ti 1920, sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orílẹ̀-èdè Sípéènì ni wọ́n ti bá ẹ̀dà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí La Negra. Library of Congress tún un ṣe, ó sì jáde padà ní 1993. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú àwòrán ti di èdè Sípáníìṣì, wọ́n ní láti túmọ̀ èyí tó pọ̀ jù padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Apá kan tí kò sí mọ́, wọ́n fi ìwé kíkà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn, The Symbol of the Unconquered, Bẹ́ljíọ̀mù ló ti jáde. Ẹ̀dà tó lọ sókè òkun tí wọn ò dá padà ló yè.

Tiwa náà ní irú rẹ̀. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 látinú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ti di ohun tí àwọn èèyàn gbà pé ó ti lọ. Ọdún 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìtọ́jú fíìmù ìjọba ní Jos. Àwọn ará Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Jos wà ní Plateau, ilẹ̀ olókè tí wọ́n ti ya Palaver. Ó tutù ju Ìbàdàn lọ dáadáa. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òtútù yẹn nìkan ló gbà á là, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ kẹ́mísírì á ti máa mi orí.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lókè wọ́dúróòbù

Ní nǹkan bí 1988 ni àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ṣe fíìmù. Sọ̀sọ́ Méjì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ó rọrùn, kò sí pé à ń lọ London. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kún gbogbo ilé ní Ìbàdàn, fíìmù lọ́tùn-ún, ìgbéyàwó àti òkú àgbà lósì.

Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin kùn, gọ́ọ̀mù ló sì so irin mọ́ ọ̀rá. Àwòrán ni bí wọ́n ṣe to irin yẹn. Omi inú afẹ́fẹ́ ń já gọ́ọ̀mù yẹn sí wẹ́wẹ́, ó ń di ohun tó ń lẹ̀. Tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ, irin á bó sára ẹ̀rọ, àwòrán á sì bá a lọ. Ọdún 10 sí 30 ni wọ́n ń fojú bù fún un. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí yín.

Ti flash àti memory card náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Iná kékeré tó há sínú rẹ̀ ló jẹ́ fíìmù yín, iná yẹn ń jò díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kó yára. Ilé sinimá tó wà ní Dùgbẹ̀ ò lo róòlù mọ́, fáìlì ni wọ́n ń tan. Fáìlì tó bá wà níbì kan ṣoṣo wà nínú ewu kan náà tí róòlù Micheaux wà.

Tí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ VHS tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá onífídíò tó ti ń ya òde láti ayébáyé sábà máa ń ní. Ẹ jẹ́ kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi ẹ̀dà kan sílé, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ìlú míì. Ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ gbé e dúró lóòró, síbi tó gbẹ tí oòrùn ò dé, kó jìnnà sí sípíkà torí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú fíríìjì, omi tó máa sẹ̀ sí i lára tí ẹ bá gbé e jáde á ba nǹkan jẹ́. Kí ẹ sì tó fi sínú ẹ̀rọ rárá, ẹ ṣí ìdérí iwájú rẹ̀, ẹ wo ojú téèpù. Tí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun níbẹ̀, èébu ni. Ẹ má tì í wọ ẹ̀rọ. Á ran ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ á sì ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e.